Èèpo Ọ̀dà Láti Sotega

Sotega, Libreville
Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹwàá, 2024

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékùm. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo mọ̀ pé etí yín kò gba fóònù mọ́, ariwo kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ogójì ọdún ti gbà á lọ́wọ́ yín, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo bíró. Abdoulaye, Nàgó ará Kétu tó ń gbé ní Avéa níbí, ni yóò mú lẹ́tà yìí dé Ìsẹ́yìn nígbà tó bá wá ra òfì. Ṣé orúnkún Ìyá ti ń gbé e? Sheriffdeen ọkọ mi ní kí n kí yín. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ò tíì bá mi jà láti oṣù tó kọjá, kí ẹ lè mọ̀ pé ayé ń yí padà.

Ohun tí mo dì sínú ọ̀rá kékeré yẹn, ẹ má dà á nù. Èèpo ọ̀dà ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé fọ́tò ò mọ ọ̀dà, ìka ló mọ̀ ọ́n, nítorí náà mo bó o lára ọkọ̀ fún yín.

Pijó 505 kan ni ọkọ̀ náà, ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ọ̀gbẹ́ni Barthélemy ló ni ín. Òun náà ló ni àgbàlá tí mo ti ń kun mọ́tò ní Sotega, òun sì nìkan ló gbà, ní gbogbo Libreville, kí obìnrin kọ orúkọ sára géètì pé òun ń kun mọ́tò. Ọdún méjì gbáko ni mo fi bẹ àwọn yòókù. Bàbá rẹ̀ ló fi Pijó náà sílẹ̀ fún un, ó sì fẹ́ kó jẹ́ ọkọ̀ náà ni yóò gbé Peggy ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Sátidé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá.

Mo kùn ún ní àárín oṣù Kẹsàn-án, àwọ̀ aró tó dúdú díẹ̀. Barthélemy yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ti bẹ̀rẹ̀, kéékèèké bí ọkà bàbà, ó wá kọjá sára ilẹ̀kùn apá ọ̀tún. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, wọ́n ti so pọ̀. Mo fi èékánná kàn án, ó bó.

Barthélemy kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó kàn ní, « Tawa, je te laisse reprendre. Mais Steve attend. » Pé kí n tún un ṣe, ṣùgbọ́n Steve ń dúró. Akunmọ́tò kan ni Steve, ó ti wá wo àgbàlá náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ẹsẹ̀ wọn ìbú rẹ̀ níṣojú mi. Bí Pijó yìí bá bó lára ìyàwó níjọ́ náà, àgbàlá di tirẹ̀ nìyẹn, èmi á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kan géètì kiri.

Bàbá, ẹ wo èèpo yìí kí ẹ sọ ohun tó ṣe é fún mi. Gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi ni mo ṣe, mi ò fo ọ̀kan. Mo họ ọ́, mo fọ̀ ọ́, mo wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má gbéra, kí n tó gbé ìbọn ọ̀dà.

Ọmọ yín tí kò fẹ́ palẹ̀ mọ́,
Tàwàkálítù


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Kẹwàá, 2024

Tàwàkálítù ọmọ Buraimoh,

Wàálékùm sàlámù. Abdoulaye dé ọ̀dọ̀ wa láyọ̀. Ìyá rẹ gún iyán fún un, ó sì jẹ ẹ́ bí ẹni pé ọkọ̀ ò dúró jẹun láti Kétu. Orúnkún ìyá rẹ wà bó ṣe wà, ẹnu rẹ̀ ni àárẹ̀ kò mú. Kí ọkọ rẹ fún mi, kí o sì sọ fún un pé oṣù kan kéré láti fi yangàn.

Mo rí èèpo náà. Jẹ́ kí n tún ẹ̀kọ́ yìí kọ́ ọ, bóyá atẹ́gùn òkun ti gbé e kúrò lórí rẹ. Èèpo ọ̀dà kì í parọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o máa wò, fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún oníbàárà. Bí ẹ̀yìn bá pọ́n, ìpẹtà ni, irin ń jẹ ara rẹ̀ nísàlẹ̀, o ní láti họ ọ́ dé ibi tí irin ti funfun. Bí ẹ̀yìn bá gbé àwọ̀ ọ̀dà àtijọ́ dání, o ò họ ti àtijọ́ tó, tuntun kò rí ibi dì mú. Bí ó bá fi ẹfun sí ọ lọ́wọ́, bọ́dì fílà tí a fi dí ojú ibi tó tẹ̀ ló mu omi. Oòrùn ńkọ́? Orí òrùlé ọkọ̀ ni ti oòrùn ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í lé ròrò, ńṣe ló máa ń ṣá tí á wá máa ṣí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Tìrẹ yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ bí àwo. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ dúró lára irin, tòkè ló sá lọ. Nǹkan kan ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Òróró ni. O lọ dín nǹkan, o sì fi ọwọ́ yẹn kan ara ọkọ̀. Ẹ̀yin obìnrin kì í lè fi ilé ìdáná sílẹ̀ sí ààyè rẹ̀. Mo sọ fún ọ nígbà tí o ń kọ́ṣẹ́ pé kí o máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, o ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Họ gbogbo rẹ̀ kúrò. Fi tínnà nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n omi sílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí o wá kùn ún. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, mo kun ọkọ̀ ọlọ́jà, mo kun ti olóyè, kò sí ẹni tó lè na ìka sí mi pé Buraimoh kun ọkọ̀, ó bó. Orúkọ yẹn ni mo dì fún ọ nígbà tí o ń lọ. Má jẹ́ kó bàjẹ́ níbẹ̀.

Èmi bàbá rẹ, tí ojú rẹ̀ ṣì ríran bí etí tilẹ̀ kọ̀,
Buraimoh


Sotega
Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kọkànlá, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọyẹ́ tó ń bọ̀. Níbí, òjò ni. Aṣọ tí mo sá ní Ọjọ́bọ̀ kò tíì gbẹ, búrẹ́dì ń tutù nínú ọ̀rá. Mo dúpẹ́ fún lẹ́tà yín. Ìyá ṣeun fún ẹ̀lùbọ́.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò dín ohunkóhun. Búrẹ́dì àti sàdíìnì ni Sheriffdeen ń jẹ, kò sì jẹ ẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Mo fi tínnà nu ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Mo wọ́n omi sílẹ̀ títí mo fi ń rí ojú mi níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó tún lé ròrò. Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ mi pé òróró kì í mú ọ̀dà lé ròrò. Ihò kéékèèké ló máa ń dá sí i bí ojú ẹja, ojú ẹsẹ̀ náà la sì máa ń rí i, kì í dúró di ọjọ́ kẹsàn-án. Mo mú abẹ́rẹ́, mo gún ọ̀kan nínú àwọn ròrò náà. Omi ló jáde. Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò, kò níyọ̀, nítorí náà kì í ṣe ti òkun. Omi lásán ni. Abẹ́ páànù ni mo ti kùn ún, òjò ò kàn án. Ibo ni omi gbà wọ abẹ́ ọ̀dà?

Èèpo kejì wà nínú lẹ́tà. Ẹ bá mi bi í léèrè dáadáa. Ní gbogbo ogójì ọdún yẹn, ṣé ẹ ò rí irú rẹ̀ rí?

Barthélemy ní ẹ̀ẹ̀kan ló kù. Àwọn tó ń kọjá lójú géètì ń wí pé ọwọ́ obìnrin kò bá ọ̀dà mu. Ó ń dùn mí ṣá, ẹ̀yin ni mo lè sọ ọ́ fún. Bí mo bá máa tún un kùn kó sì gbẹ kí ìgbéyàwó tó dé, Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá ni mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ èsì lé Abdoulaye lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ yín gan-an.

Tàwàkálítù


Sotega
Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kejìlá, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Abdoulaye dé lánàá pẹ̀lú òfì ẹrù méjì. Kò sí lẹ́tà. Ó ní ẹ gba tèmi, ẹ fi ìka yẹ èèpo náà wò, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ wá ká a padà sínú ọ̀rá. Ó ní òun sùn sí Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ méjì kí ẹ lè kọ nǹkan, ìkíni nìkan lẹ fi rán òun. Mi ò mọ̀ yín mọ́ ìwà yìí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní ọ̀rọ̀ láti sọ sí ọ̀dà géètì gbogbo aládùúgbò.

Sheriffdeen ni yóò ya àwòrán lẹ́tà yìí, òun ni yóò fi ránṣẹ́ sí fóònù Tùmínínú, ọmọ ilé kejì yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí ojú mìíràn rí ìwé yín. Àkókò ni kò sí.

Mo ti họ Pijó náà tán, irin lásán ló dúró síbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni màá kùn ún. Bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, bí ẹ ṣe kọ́ mi náà ni màá ṣe é, torí mi ò mọ òmíràn. Tí ó bá bó, màá fi kọ́kọ́rọ́ àgbàlá lé Barthélemy lọ́wọ́.

Tàwàkálítù


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kejìlá, 2024

Tàwà,

Má wọ́n omi sílẹ̀. Mo kọ ìyẹn ṣáájú, kí o rí i bí o kò bá tilẹ̀ ka ìyókù.

Ilẹ̀ Ìsẹ́yìn gbẹ. Bí a bá wọ́n omi, eruku á jókòó, ọyẹ́ á sì ti fa omi náà mu kí a tó kun ilẹ̀kùn kan tán. Ìdí tí a fi ń wọ́n ọn nìyẹn. Níbi tí o wà, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó kí o tó bu tìrẹ kún un. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń fa afẹ́fẹ́ tútù yẹn mì, ó ń di omi nínú àgbá rẹ̀, ìbọn ọ̀dà sì ń tu omi náà sáàárín ọ̀dà ìsàlẹ̀ àti tòkè. Bí oòrùn bá ti kàn án, á wú. Nọ́ọ̀tì kan wà nísàlẹ̀ àgbá kọ̀mpúrẹ́sọ̀, tú u láràárọ̀ kí omi ṣàn jáde. Gbé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ náà jìnnà sí ibi tí ilẹ̀ ti rin. Fún eruku, gbá ilẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú kí o sì tẹ́ ọ̀rá gbígbẹ lé e. Dúró kí oòrùn yọ. Fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin, bí ó bá tutù, má fọwọ́ kan ìbọn, kódà bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá dúró tì ọ́.

O máa bi mí pé ìgbà wo ni mo mọ̀. Ọjọ́ tí mo yí èèpo àkọ́kọ́ dà ni mo mọ̀. Òróró kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bí o ti wí ló rí. Mo parọ́ fún ọ.

Ní ọdún 1993, kí a tó bí ọ, oníṣòwò kan mú mi lọ sí Èkó nínú oṣù Kẹfà, kí n wá bá a kun ọkọ̀. Mo mú ọmọ iṣẹ́ mi kan dání, Abdulmujeeb ará Òkèihò. Oṣù mẹ́fà ló kù kó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, kó gba fíríìdọ̀mù. Mo ní kó wọ́n omi sílẹ̀, ó wọ́n ọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ̀ náà lé ròrò. Oníṣòwò ránṣẹ́ pè wá, ó ń bú mi níwájú àwọn èèyàn. Mo na ìka sí Abdulmujeeb. Mo ní òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi kan irin. Mo lé e láì fún un ní fíríìdọ̀mù, mo sì lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ akunmọ́tò, mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbà á. Wọn ò gbà á.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, lójú òjò, mo tú ìdí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ mi torí pé ó ń dún kíkankíkan. Omi tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ kún garawa. Mo dúró, mo ń wò ó. Ohun tó ṣe ọkọ̀ Èkó yé mi lọ́jọ́ náà. Mo dì í padà, n kò sọ fún ẹnì kan. Láti ìgbà náà ni n kì í ti í kun ọkọ̀ nígbà òjò mọ́, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí.

Bí mo bá wí fún ọ pé omi ni, mo gbọ́dọ̀ wí bí mo ṣe mọ̀. Mo rò pé o máa rí i fúnra rẹ, kó má kàn mí. Àgbàlá rẹ ni mo fi ta tẹ́tẹ́, nítorí orúkọ mi. Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Mo ní kí Tùmínínú ya àwòrán ìwé yìí bó ti wà, bó bá fẹ́ kó kà á.

Buraimoh


Sotega
Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kejìlá, 2024

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékùm. Ọkọ̀ náà kò bó.

Òjò rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ó rọ̀ ní Jímọ́ọ̀. Mi ò kùn ún. Barthélemy wá, ó bá irin lásán, ó wo ojú mi, ó wo aago, ó lọ. Ní Sátidé, oòrùn yọ lọ́sàn-án. Mo tú ìdí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, omi tó jáde kún agolo mílíìkì mẹ́ta. Mo fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́, mo ti parí. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún rèé lónìí. Ó gbé Peggy lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Angondjé, òjò pa á lọ, oòrùn pa á bọ̀. Àwọn èèyàn ń wo ìyàwó, ara ilẹ̀kùn ni èmi ń wò.

Barthélemy wá sí àgbàlá láàárọ̀ yìí. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀dà náà káàkiri, ó ní, « C'est bon, Tawa. Tu restes. » Pé ó ti dára, mo dúró síbi mi nìyẹn. Ó wá béèrè ohun tó ṣe ti tẹ́lẹ̀. Mo ní èmi ni. Mo ní ìkánjú ló bá mi, pé bàbá mi kọ́ mi dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ tí inú rẹ̀ kò yé òun ni mí.

Bàbá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti dárí jì yín. Inú ń bí mi. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wẹ ọwọ́ mi bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun àìmọ́, ẹ̀yin sì mọ̀ pé ọwọ́ mi mọ́. Ẹ̀yìn yín tí kì í dùn yín àfi nígbà òjò, àwa ọmọ máa ń fi àdí pa á fún yín. Mo gba ẹ̀bi náà nítorí mo mọ ohun tí mo gbà. Ẹnì kan wà tó ti ń rù ú láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sì mọ ohun tó wà nínú ẹrù.

Ẹ lọ sí Òkèihò. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni, ẹ má kọ ìwé. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ. Títí ẹ ó fi lọ, ẹ ò ní rí lẹ́tà mi.

Tàwàkálítù


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kìíní, 2025

Tàwà,

Mo kí ọ, mo sì kí Sheriffdeen. Mo lọ sí Òkèihò lánàá.

Abdulmujeeb ń gbin ẹ̀gẹ́. Irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Nígbà tó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, ìyẹn dùn mí ju èébú lọ. Mo ní kó pe ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Wọ́n jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ fún ọ, n kò yọ òróró kúrò, n kò yọ ìpàdé ẹgbẹ́ kúrò.

Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó wọlé lọ. Mo rò pé Abdulmujeeb yóò lé mi, mo ti ń wá ọ̀pá mi. Ó wá tẹ̀ sí etí mi, ó pariwo kí n lè gbọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, fíríìdọ̀mù mi dà?"

Mo ní kó wá gbà á. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìpàdé ẹgbẹ́. N ó dìde níwájú wọn, àwọn ọmọ àwọn tí mo bá sọ ọ́ nígbà náà ló kù níbẹ̀, n ó sì sọ fún wọn ìdí tó fi pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọn ò bá pè mí ní ọ̀gá mọ́, wọn ò jẹ̀bi. Abdulmujeeb ní òun ń bọ̀ pẹ̀lú ìyàwó òun, pé òun fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Mo lọ gba ìwé ẹ̀rí láàárọ̀ yìí lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i, mo buwọ́ lù ú. Níbi tí wọ́n ní kí n kọ ọdún tó parí ẹ̀kọ́ sí, mo kọ 1993.

Buraimoh